Ewé Ọ̀gbọ́ Kì Í Ṣe "Ewe Ogbo"

Ẹ mú fóònù yín, kí ẹ tẹ "ewe ogbo" sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ó rí àpilẹ̀kọ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ẹ ó rí ìpolówó àwọn tó ń ta àgbo, ẹ ó sì rí àwọn tó ń ṣàlàyé bí ewé náà ṣe ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ lára. Ohun tí ẹ máa wá títí kí ẹ tó rí ni ibi tí wọ́n ti fi àmì ohùn sórí orúkọ náà, tí wọ́n sì fi àmì sábẹ́ fáwẹ̀lì rẹ̀. "Ewe ogbo" ṣáá ni. Bí ẹ kò bá ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹnì kan rí, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò lè sọ fún yín bí wọ́n ṣe ń pè é.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àmì ohùn ti sú ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ọdún kìn-ín-ní ni wọ́n ti ń tìtorí rẹ̀ gé máàkì wa kù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ewé kan ṣoṣo yìí ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ máàkì lọ. Mo tún fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbà pé àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ló yẹ kí a wọ inú igbó lọ, kí a kọ orúkọ àwọn ewé sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń hù, kí igbó náà tó tán.

Ìtàkùn ni ọ̀gbọ́. Bí igi bá wà nítòsí rẹ̀, á lọ́ mọ́ ọn, á sì gùn ún lọ sókè. Bí ó bá jẹ́ ọgbà ni ó rí, á bo ọgbà náà mọ́lẹ̀. Ewé rẹ̀ máa ń yọ ní méjì-méjì, ọ̀kan dojú kọ èkejì; wọ́n fẹ̀, wọ́n sì ń dán. Bí ẹ bá já ewé kan, oje funfun bíi wàrà ni yóò máa kán níbẹ̀. Òdòdó rẹ̀ kò tóbi. Inú òdòdó náà pupa, pupa tó ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí àwọ̀ ògì. Méjì-méjì náà ni èso rẹ̀ máa ń wà, wọ́n á nà síta bí ìwo màlúù. Bí èso bá gbẹ, á là, kóró tó wà nínú rẹ̀ á sì jáde pẹ̀lú irun funfun tó dà bí òwú lórí kóró kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn lọ sí ibi tí wọ́n máa hù sí.

Parquetina nigrescens ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Nígbà kan, Periploca nigrescens ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà jẹ́ Látìnì fún "èyí tó ń dúdú bọ̀". Ìdílé Apocynaceae ni ó wà báyìí. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kọ ọ́ sí Asclepiadaceae, kí àwọn onímọ̀ tó da ìdílé méjèèjì pọ̀. Oje funfun yẹn ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò tí wọ́n fi ń pe irú àwọn ewéko bẹ́ẹ̀ ní milkweed. Ọ̀gbọ́ ní ìbátan tí ẹ ti lè rí láìmọ̀. Ọ̀kan ni igi kékeré Calotropis procera, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi oje rẹ̀ mú wàrà dì. Òmíràn ni ìtàkùn utazi, tí wọ́n ń rẹ́ wẹ́wẹ́ sórí isi ewu àti nkwobi.

Oje yẹn kì í ṣe ohun mímu o. Nínú ọ̀pọ̀ ewéko ìdílé yìí, àti nínú ọ̀gbọ́ fúnra rẹ̀, èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń pè ní cardenolide. Ọkàn ni ó ń bá jà. Bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá lílù ọkàn rú. Abájọ tí wọ́n fi ń po oje ọ̀gbọ́ mọ́ oró orí ọfà ní àwọn apá kan ilẹ̀ Áfíríkà. Labalábá kan tiẹ̀ wà tí ó sọ oró náà di ààbò fún ara rẹ̀: Danaus chrysippus, tí ìyẹ́ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí ṣóńṣó ìyẹ́ iwájú rẹ̀ dúdú pẹ̀lú tóótòòtó funfun. Orí Calotropis àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni ó ń yé sí. Kòkòrò tó bá jáde látinú ẹyin náà á jẹ ewé olóró yẹn títí tí yóò fi di labalábá, ẹyẹ tó bá sì tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan kì í sábà padà sídìí rẹ̀.

Síbẹ̀, ewé ọ̀gbọ́ yìí kan náà ni àwọn ìyá wa ń gbó sínú omi tàbí tí wọ́n ń sè fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Àwọn olùwádìí ní àwọn yunifásítì wa ti fún eku ní omi ewé náà, wọ́n sì ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ eku náà lé sí i. Nítorí náà, ewé tí à ń sọ yìí ní oògùn lọ́wọ́ kan, ó ní oró lọ́wọ́ kejì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ìwọ̀n, ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, àti pé kí ó dájú pé ewé tí a fẹ́ gan-an ni ó wà lọ́wọ́ wa. Mi ò júwe àgbo fún ẹnikẹ́ni níbí. Iṣẹ́ dókítà àti iṣẹ́ àwọn tó mọ ewé ni ìyẹn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni tèmi. Ṣùgbọ́n orúkọ ni ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń wá ewé máa kàn.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì fonọ́lọ́jì. Ẹ wo "ogbo" tí kò ní àmì kankan. Sílébù méjì ni. Fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í gba ohùn òkè, nítorí náà sílébù àkọ́kọ́ lè gba ohùn méjì péré: àárín tàbí ìsàlẹ̀. Sílébù kejì lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìyẹn jẹ́ mẹ́fà. Àǹkóò fáwẹ̀lì tún sọ fún wa pé bí ọ̀kan bá jẹ́ "o", èkejì náà á jẹ́ "o". Bí ọ̀kan bá sì jẹ́ "ọ", èkejì á tẹ̀lé e. Mẹ́fà ti di méjìlá nìyẹn. Ọ̀nà méjìlá ni a lè gbà ka orúkọ ewé tó ní oró nínú.

Nínú méjìlá náà, gbogbo wa mọ mẹ́ta dáadáa. Ogbó ni ohun tí à ń gbàdúrà pé kí àwọn òbí wa rí, kí wọ́n dàgbà kí wọ́n sì gbó. Ọ̀gbọ̀ ni aṣọ tí a máa ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, èyí tí àwọn àlùfáà ń wọ̀. Ọ̀gbọ́ ni ìtàkùn wa. Ẹ wá ro ti ọmọ tí wọ́n bí sí ìgboro, tí kò bá ẹnikẹ́ni lọ sóko rí, tó wá rí "ewe ogbo" lójú fóònù. Kí ni kò ní jẹ́ kí ó kà á sí ewé ogbó, kí ó sì rò pé oògùn ẹ̀mí gígùn ni? Kò sí ohun tó burú nínú Yorùbá rẹ̀. Ẹni tó kọ orúkọ náà sílẹ̀ ni kò kọ ọ́ tán.

Ti ọ̀gbọ́ tiẹ̀ sàn. Àwọn tó ń pè é ṣì pọ̀. Ẹ wo utazi tí mo dárúkọ lókè, Gongronema latifolium. Bí ẹ bá ka àpilẹ̀kọ márùn-ún nípa rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá gbólóhùn kan náà nínú márààrún: wọ́n ń pè é ní "utazi" ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì ń pè é ní "arokeke" ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn, àwa nìyẹn. Ẹ bá mi ka "arokeke" yẹn sókè. Sílébù mẹ́rin ni: ohùn méjì fún èkíní, mẹ́ta-mẹ́ta fún àwọn yòókù. Ìyẹn jẹ́ 54. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tẹ̀lé àǹkóò, fáwẹ̀lì rẹ̀ lè jẹ́ o-e-e tàbí ọ-ẹ-ẹ, nítorí náà ó di 108. Ẹnì kan ló kọ ọ́ sílẹ̀ láìsí àmì, ẹlòmíràn dà á kọ, ẹni kẹta dà á kọ lára ẹni kejì. Orúkọ náà wà lórí ìwé, ó ń rin ìrìn àjò kárí ayé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè tinú ìwé yẹn pè é. Utazi ní tirẹ̀ kò sọnù, nítorí pé ó ní ìkòkò ọbẹ̀ tó ń gbé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè é lójà àti ní ilé oúnjẹ, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń rà á náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé ewé ń jẹ́, àti pé èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn. Bí a bá fẹ́ mọ orúkọ ẹnì kan, a ó ní, "Kí ni ó ń jẹ́?" Bí oògùn bá ṣiṣẹ́, a ó ní, "Ó jẹ́." Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ tàbí méjì, ẹ jẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìtumọ̀ jà á láàárín ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ ọfọ̀ rí mọ̀ pé lójú àwọn tó ni ewé, jíjẹ́ orúkọ àti jíjẹ́ oògùn kò jìnnà síra. Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu ní ọdún 1953 tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ àkọsílẹ̀ bí a ṣe ń lo ewé jọ lọ́wọ́ àwọn babaláwo. Nínú ìwé rẹ̀, Ewé, tó jáde ní 1995, ó tẹ 447 nínú wọn jáde. Ọ̀kan nínú ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ sábà máa ń bá sílébù kan nínú orúkọ ewé dọ́gba. Ohun tí a bá fẹ́ kí ewé ṣe, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́.

Kò yẹ kí ó ṣòro fún akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa láti gbọ́ "gbọ́" nínú ọ̀gbọ́. Bóyá ibẹ̀ ni orúkọ náà ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́, tàbí àwọn àgbà kàn fi dárà ni, ibi tí àwọn méjèèjì ti so kọ́ra ni ohùn òkè yẹn àti àmì tó wà lábẹ́ "ọ" yẹn. Bí ẹ bá yọ àmì abẹ́ rẹ̀, gbígbọ́ di gbígbó. Bí ẹ bá yọ ti òkè náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó kù. Ẹni tó kọ "ogbo" ti ju ìmọ̀ tí àwọn àgbà fi pamọ́ sínú orúkọ náà nù, ó ṣẹ́ èèpo rẹ̀ kù.

Ó ku ọ̀rọ̀ igbó. Ilé là ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ilé ọ̀gbọ́? Ẹ kò nílò kí ẹ wọ àárín igbó kìjikìji kí ẹ tó rí i. Etí igbó ni, etí ọ̀nà oko ni, igbó tó hù padà lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oko sílẹ̀ ni, ẹ̀yìnkùlé abúlé ni. Ó ń hù láti Senegal títí wọ àárín gbùngbùn Áfíríkà. Ó nílò igi tí yóò gùn, ó nílò oòrùn tí yóò fi yọ òdòdó, ó sì nílò ọdún díẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní fi àdá kàn án.

Ẹ wò ó dáadáa: ibi tí ìtàkùn yìí fẹ́ràn ni ibi tí àwọn èèyàn wa ń gbà kọjá. Oko tí wọ́n dá, tí wọ́n fi sílẹ̀ kí ilẹ̀ sinmi, tí wọ́n tún padà sí, ni ó pèsè ilé fún un. Ọ̀nà oko kan náà ni ọmọdé ń tọ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, tí ìyá á nawọ́ sí ewé, á ní, "Ọ̀gbọ́ nìyí." Ibùgbé ewé náà gan-an ni ibùgbé orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ọ̀gbọ́ kò tíì parun, pé ó ṣì pọ̀ nínú igbó, mi ò ní bá a jiyàn. Ibi tí ọmọdé ti ń bá a pàdé ni mò ń sọ pé ó ń tán lọ.

Ẹni tó bá ń gba òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn kọjá ti rí i lójú ara rẹ̀. Láti Ìbàfò dé Mowé àti síwájú sí i, ilé, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé epo àti ilé iṣẹ́ ti gba ibi tí igbó wà. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tà ní pulọ́ọ̀tì-pulọ́ọ̀tì kò lè sinmi fún ọdún mẹ́rin. Ní ọ̀pọ̀ ọgbà yunifásítì náà, igbó ẹ̀yìn ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń ro tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ nǹkan tuntun. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé. Ṣùgbọ́n ìtàkùn tó ní kí erin má wọ odò, tòun terin ni yóò jọ lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ tó so mọ́ igbó ń bá igbó lọ.

Ohun tó kù fún àwa ará ìgboro ni ìdì ewé tó ti rọ nínú agbọ̀n eléwé ọmọ. Kò sí òdòdó níbẹ̀, kò sí èso. Bẹ́ẹ̀ ìtàkùn tó ní ewé méjì-méjì àti oje funfun kì í ṣe ẹyọ kan nínú igbó wa. Òdòdó àti èso ni àwọn onímọ̀ ewéko fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni tó kọ́ orúkọ nídìí agbọ̀n nìkan kọ́ orúkọ ewé rírọ. Bí ọ̀dọ̀ tí eléwé ọmọ ti ń rà á bá yí padà, tí ẹni tó ń já a bá já òmíràn mọ́ ọn, kí ni a ó fi mọ̀? Àwọn tó ń já a pàápàá, bí wọ́n bá ti gé ìtàkùn náà láti ìdí kí ó tó yọ òdòdó, kò ní so, kóró kò sì ní fò.

Ọ̀nà tí orúkọ lè gbà yè wà, ìtàkùn wa yìí náà ló sì lè fi hàn wá. Ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ilé Candomblé mọ ewé ọ̀gbọ́. Lédè Pọtogí, rama-de-leite ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹ̀ka oníwàrà: oje yẹn náà ni wọ́n wò. Ṣùgbọ́n nídìí òrìṣà, "ogbó" ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó bá fi àkọtọ́ tiwa kà á á ní wọ́n ti sọ ọ́ di ewé ogbó. Ẹ má tètè dájọ́. Nínú àkọtọ́ Pọtogí, àmì tó wà lórí "ó" kì í ṣe àmì ohùn; ó ń sọ pé ibẹ̀ ni agbára ohùn wà, àti pé fáwẹ̀lì náà ń dún bí "ọ" tiwa. Àwọn èèyàn tí wọn kì í fi Yorùbá ra iyọ̀ lójà ti bá wa tọ́jú fáwẹ̀lì tó parí orúkọ náà, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́nà tí àwọn tiwọn á fi pè é dáadáa. Bí wọ́n ṣe ṣe é kò ṣòro lóye. Wọ́n ń gbin ewé náà sí àyíká ilé òrìṣà wọn, wọ́n ń lò ó, wọ́n sì ń dárúkọ rẹ̀ sókè nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Wọn kò jẹ́ kí ewé, ilẹ̀ àti orúkọ pínyà. Àwa tí a ní èdè náà lẹ́nu ni à ń jẹ́ kí wọ́n pínyà.

Mo ti gbọ́ èsì tí àwọn akẹ́gbẹ́ mi máa ń fún mi. Àwọn kan ní orúkọ Látìnì ti tó. Kò sí ẹni tó ń dé ọ̀dọ̀ eléwé ọmọ kí ó ní òun fẹ́ ra Parquetina nigrescens. Orúkọ Yorùbá ni afárá tó so yàrá àyẹ̀wò mọ́ ọjà. Bí afárá náà bá ya, ewé tí wọ́n yẹ̀ wò fún eku lè má jẹ́ èyí tí ìyá àgbà ń sè.

Àwọn mìíràn ní wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Lóòótọ́, Z. O. Gbilé ṣe ìwé orúkọ ewéko Nàìjíríà ní èdè Yorùbá, èyí tí iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1984. Ìwé Verger náà wà níbẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ohùn. Kò lè sọ bí ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ohun tí ará Ọ̀yọ́ ń pè, ìwé kan ṣoṣo kò sì lè kárí ẹ̀ka-èdè tó pọ̀ tó tiwa. Ọdún 1984 ti lé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ẹnu tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ nígbà náà ti dákẹ́.

Àwọn kan ní iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ewéko ni. Àwọn onímọ̀ ewéko mọ ewé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sí ohùn. Àwa mọ ohùn, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ ewé. Bí wọ́n bá ń kọ "arokeke", tí a sì ń jókòó sí ẹ̀ka tiwa tí à ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, ta ni ó jẹ̀bi? Ti àwọn tó sì ń sọ pé àmì ń ṣòro láti tẹ̀ lórí fóònù, àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà lórí fóònù wọn tipẹ́. Láti 1974 ni àkọtọ́ tí à ń lò ti wà nílẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ẹ̀ka wa bá ẹ̀ka ìmọ̀ ewéko ṣe àdéhùn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti ibí àti ọ̀kan láti ọ̀hún jọ máa jáde. Kí wọ́n gba ohùn ẹni tó mọ ewé náà sílẹ̀ bó ṣe ń pè é, kí wọ́n kọ ìlú àti ẹ̀ka-èdè rẹ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n ya fọ́tò ìtàkùn náà níbi tó ti ń hù: ewé, oje, òdòdó, èso. Kí wọ́n tẹ ẹ̀ka kan gbẹ, kí wọ́n sì fi sí ilé ìpamọ́ ewéko bíi Forest Herbarium tó wà ní Ìbàdàn, tí ewéko gbígbẹ inú rẹ̀ lé ní 100,000, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀la lè lọ wò ó. Lẹ́yìn náà, kí tiwa kọ orúkọ náà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọgbọ̀n bá ṣe ewé márùn-ún-márùn-ún lọ́dún, 150 nìyẹn.

Ìwà náà ṣe pàtàkì. Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà mọ̀ ni ó jẹ́ tiwa láti gbà sílẹ̀. Orúkọ ni ká béèrè, kì í ṣe ọfọ̀. Kí ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, kí obìnrin kúnlẹ̀. Kí a sọ ohun tí a fẹ́ fi ohùn wọn ṣe kí a tó tan ẹ̀rọ. Bí ìyá eléwé ọmọ bá pa ọjà rẹ̀ tì láti dá wa lóhùn, kí a ra ewé lọ́wọ́ rẹ̀. Bí baba bá ní òun kò sọ, kí a dúpẹ́, kí a máa lọ.

Ẹ̀yin ọdún kẹta tí ẹ máa tó mú àkòrí pírójẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fẹ́ tún àkòrí tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ṣe lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe, pẹ̀lú àyípadà díẹ̀ nínú àkọlé. Ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lọ bá ẹnì kan tó ṣì ń lọ sóko, kí ẹ béèrè ibi tí ọ̀gbọ́ wà, kí ẹ dúró tì í títí tí yóò fi yọ òdòdó. Ẹni tó bá sì gbọ́ "arokeke" lẹ́nu ẹni tó ni ín, kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn yìí. Nínú 108, ẹyọ kan ni à ń wá.